Ọmọ Méjì Lórí Bẹ́ǹṣì

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé, ní Odígbó níbí. Gaàrí ni mo ń dín, òórùn náà kì í kúrò lára mi, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ wẹ̀. Òun náà ló bá mi wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo tẹ̀lé àǹtí tísà, aládùúgbò wa, lọ sí yunifásítì, ọmọ mi lẹ́yìn, ọmọ tirẹ̀ láyà mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a ti kúrò nílé, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó gbéra.

Apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí àǹtí. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Bí mo bá sọ Ìkálẹ̀, èdè wa, sí i, á ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tún un sọ bí ẹni tó lọ ilé ìwé." Ó ń ṣe másítà nígbà náà, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí bí ẹ̀gẹ́ ò ṣe ní tètè bàjẹ́ lẹ́yìn tí a bá hú u. Yunifásítì wá ní kí gbogbo wọn wá gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, lórí bí wọ́n á ṣe kọ ìwé ìwádìí wọn. Ẹni tó bá jáde kó tó parí ò ní fọwọ́ síwèé pé òun wá. Ẹni tí kò bá sì fọwọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àǹtí ti gbọ́ "ọdún tó ń bọ̀." Ọkọ rẹ̀ ti sọ pé bí tọdún yìí bá tún bọ́, kó gbàgbé ìwé, kó máa tọ́ ọmọ.

Wọn ò jẹ́ kí ọmọ wọ kíláàsì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àǹtí ti fún ọmú sínú fúláàsì omi gbígbóná láti ìdájí, kó má baà tutù. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ọmọ rẹ̀ figbe ta. Mo ṣí fúláàsì, òórùn kíkan gbá mi nímú. Ẹni tó ń ṣèwádìí kí oúnjẹ má bàjẹ́! Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Oorun ni kò sùn.

Igbe náà pọ̀. Àǹtí dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń kọ́ wọn: "Màdáámú, ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Tẹ́ ẹ bá tún dìde, ẹ kó ìwé yín máa lọ." Àǹtí wò mí láti ojú fèrèsé. Mo juwọ́ sí i pé kó jókòó.

Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé a kì í fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú láìtọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọrọ? Mo kọ̀yìn sí fèrèsé, mo ṣí bọ́tìnnì. Ọmọ náà gbá mi lọ́mú mú bí ẹni tó ti ń bínú sí mi tẹ́lẹ̀. Tèmi jí, ó ní òun náà ń bọ̀. Ó rẹ̀ mí dé egungun.

Nírọ̀lẹ́, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sílé, nígbà tí a ń sún mọ́ Ọ̀rẹ̀, mo jẹ́wọ́. "Àǹtí, ẹ má bínú. Wàrà yẹn ti kan. Ọmú mi ni mo fún un."

Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń kọjá àwọn tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì.

"Ó yó?"

"Ó yó. Ó tiẹ̀ gùnfẹ̀ sí mi lára."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Lọ́jọ́ kejì kò gbé fúláàsì mọ́. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló gbé lé mi lọ́wọ́. "Jẹun fún ẹni méjì."

"Ẹni mẹ́ta," mo dá a lóhùn.

Ó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn báyìí, ṣùgbọ́n ó fún mi ní ẹ̀dà kan ìwé ìwádìí rẹ̀, èèpo rẹ̀ le bí pákó. Ibi tí ẹ̀kọ́ mi dé, n kò lè ka púpọ̀ nínú rẹ̀ kó yé mi. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí èéfín gaàrí bá ti ta mí lójú, tí mo ń bi ara mi pé kí ni mo tiẹ̀ ti gbé ṣe láyé, bẹ́ǹṣì yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Èmi tí n kò wọ kíláàsì náà ni kò jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ jáde láìfọwọ́ síwèé.