Ìràwọ̀ Onírù Tí Bàbá Mi Rí Ní Ìpọ̀nrí

Ní gbogbo Ìpọ̀nrí, bàbá mi nìkan ni télọ̀ tí kì í parọ́. Ẹni tí kò bá mọ télọ̀ lè rò pé nǹkan kékeré ni mo sọ yìí. Télọ̀ ni yóò ní kí o wá gba aṣọ ní Ọjọ́rú. Bí o bá dé, á ní bọ́tìnì ló kù. Bí o bá tún padà wá ní Jímọ̀, aṣọ rẹ ṣì wà ní kíká bí o ṣe gbé e wá, sísọ́ọ̀sì kò tíì kàn án. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ní Jímọ̀, Jímọ̀ náà ni. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, tí iṣẹ́ sì kún ṣọ́ọ̀bù, á dá aṣọ padà fún oníbàárà lójú gbogbo ayé, á ní, "Ẹ má bínú, mi ò ní lè bá a, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì." Kò lówó, nítorí ẹni tó ń dá iṣẹ́ padà kì í lówó. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, òun ni wọ́n máa ń pè pé kó wá sọ ohun tó ṣojú rẹ̀, ohun tó bá sì sọ ni gbogbo wọn máa ń gbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló gbé ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó. Ẹ̀rọ náà àti ẹnu tí kì í yẹ̀ yìí ni gbogbo ohun tó ní. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo fi ìràwọ̀ ba èkejì jẹ́.

Ó tó ọdún mélòó kan tí ogun abẹ́lé ti parí. Wọ́n ti ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì ọ̀nà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n ti sọ pọ́n-ùn di náírà, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ nǹkan tuntun. Èmi náà ń kọ́ nípa físíìsì ní yunifásítì, lápá Yàbá. Nígbà ìsinmi gígùn, wọ́n kó díẹ̀ nínú wa lọ sí òkè òkun, sí ilé kan tí wọ́n kọ́ sórí òkè gíga fún wíwo ìràwọ̀. Òrùlé rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á là láàárín, awò ńlá kan tó gùn ju bọ́ọ̀sì lọ á sì yọjú síta. Ìdí tí wọ́n fi gbé e gorí òkè ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́, kò sí èéfín, iná ìlú kò sì lè débẹ̀ bo ojú ọ̀run. Mo fi ojú ara mi rí ayé kan tó fi òrùka yí ara rẹ̀ ká. Mo rí i pé ohun funfun tó la ojú ọ̀run já bí kùrukùru kì í ṣe kùrukùru rárá. Ìràwọ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ oòrùn, ó kàn jẹ́ pé wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn fi dà pọ̀ mọ́ra ni. Gbogbo èyí, ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè séèémí ni mo fi rí i, nítorí èrò tò sẹ́yìn mi. Ìyókù àkókò mi, tíì ni mo fi ń gbé fún àwọn ọ̀gá.

Nígbà tí mo padà dé, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi á rò pé èmi ni mo kọ́ ilé náà. Mo ń wọ súwẹ́tà lábẹ́ oòrùn Ìpọ̀nrí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà síwájú mi, mo máa ń wò ó bí àlejò tí mi ò mọ̀ rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìràwọ̀ onírù kan tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tí ìràwọ̀ onírù jẹ́. Omi dídì àti eruku tó ṣù pọ̀ ni. Bó bá súnmọ́ oòrùn, ooru á mú kó máa rú bí èéfín, èéfín tí oòrùn tàn sí yẹn sì ni à ń pè ní ìrù. Mo tún mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè sọ ṣáájú bí ìrù náà á ṣe tóbi tó. Àwọn ọ̀gá orí òkè kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi "bóyá" sí i. Kí n tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo ti ṣa gbogbo "bóyá" kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni ṣa egungun kúrò nínú ẹja.

"Ìwọ ọmọ yunifásítì," bàbá onílé wa bi mí. Ọmọ Mùṣín ni, àgbàlagbà mùsùlùmí tó ń gbé lókè, tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. "Ṣé a ó rí i láti ibí?"

"Ẹ ó rí i dáadáa, Bàbá. Ìrù rẹ̀ á nà láti ìhín dé Ojú Ẹlẹ́gbà."

"Kò ní já lu páànù mi ṣá? Èṣí ni mo pààrọ̀ rẹ̀ o."

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ọjọ́ wo?" ló bi mí, bí ẹni tó fẹ́ dá ọjọ́ fún oníbàárà.

"Sátidé tó ń bọ̀, Bàbá, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì."

Ó kọjú sí àwọn tó wà níbẹ̀. "Ẹ wá ní Sátidé, lẹ́yìn Màgáríbì. Ẹ ó rí i." Ó dá ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ dá "bóyá" kan padà sínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti ń wò mí tìyanu-tìyanu, ìwò náà sì dùn mọ́ mi.

Ní Sátidé, ọyẹ́ mú. Ojú ọ̀run rí bí omi ìfọṣọ, èéfín pàǹtí tí wọ́n ń sun lọ́nà Mùṣín sì ń bá eruku ọyẹ́ ṣeré. Síbẹ̀ wọ́n wá. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síta. Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, ti bẹ ẹlòmíì pé kó bá òun ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Èmi fi awò olójú méjì tí mo yá ní yunifásítì kọ́rùn bí ọ̀gá sójà. Oòrùn wọ̀. A kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, lókè àwọn páànù. Nǹkan kan ṣoṣo ló tàn níbẹ̀.

"Ṣé èyí ni?" obìnrin kan bèèrè.

"Àgùàlà nìyẹn, ẹ jàre," Àǹtí nọ́ọ̀sì dáhùn. "Ṣé torí àgùàlà ni wọ́n ṣe gbé ọmọ yìí wọ bàálù? Àbúrò, ìrù dà?"

"Afẹ́fẹ́ ni kò mọ́, Àǹtí."

"Ọlọ́pàá ló mú un ní Ojú Ẹlẹ́gbà," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ọwọ́ òsì ló ṣì ń gbà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, wọn kò wo ojú ọ̀run mọ́. Bàbá mi ni wọ́n ń wò, lọ́nà bíi ti ẹni tó bá aṣọ rẹ̀ ní àìrán, tó sì ń tì í lójú láti sọ̀rọ̀. Bàbá mi dìde, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Mo ti rí i," ló wí. "Ẹ wo apá ọ̀tún àgùàlà, sókè díẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dà bí òwú funfun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ dúdú."

Mo gbé awò sójú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Súbúhànáláhì!" bàbá onílé ké. "Mo rí i o! Ẹ wo bí ìrù rẹ̀ ṣe gùn!"

"Hẹ̀n-ẹ́n, èmi náà ti rí i," ni Àǹtí nọ́ọ̀sì wí. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo bẹ́ǹṣì ti rí i. Àwọn méjì tiẹ̀ ń jiyàn lórí ibi tí ìrù náà tẹ̀ sí.

"Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yunifásítì?" bàbá onílé bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí.

Bí ènìyàn bá ṣe ọ́ lóore lónìí, o gbọ́dọ̀ tún kí i lọ́la. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yà ní ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ Sọ́ńdè, àwọn tó ń ti mọ́sálásí bọ̀, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Bàbá télọ̀, ẹ ṣé àná o! A dúpẹ́ ìràwọ̀." Bàbá mi dorí kodò sórí bọ́tìnì tó ń gán. "Kò tọ́pẹ́," ló ń dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ sí i bí ìkíni ṣe ń pọ̀ sí i. Kò bá mi sọ ọ́. Ó kàn jẹ́ pé bí mo bá wọlé, ó máa ń wá nǹkan sábẹ́ tábìlì.

Láìpẹ́, rédíò sọ pé ìràwọ̀ náà ti já àwọn awòràwọ̀ kulẹ̀, pé agbára káká ni wọ́n fi ń rí i, kódà níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n gba irọ́ yìí kúrò lọ́rùn bàbá mi. Mo gòkè lọ bá bàbá onílé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí nǹkan lókè lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo kó bàbá mi sí i."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo rí nǹkan?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ìrù rẹ̀ gùn, Bàbá."

"Ojú mi yìí?" Ó na ọrùn sí mi. Àwọ̀ funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì. Ìdí-Àràbà ló ń lọ nítorí wọn, gbogbo ilé ló mọ̀, èmi tó ń wo òkè nìkan ni mo gbàgbé. "Bí o ò bá sọ̀rọ̀ níbi tí o dúró sí yìí, mi ò ní mọ̀ bóyá ìwọ ni àbí òpó. Kí lo rò pé mo fi rí ìràwọ̀?"

"Àǹtí nọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó tún dá a dúró. "Gbọ́. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti ń gbé ilé mi, kò parọ́ rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó wá fẹ́ pa á, tí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n pa, ṣé ká wá já a ni?"

"Ṣé kí n sọ fún un pé ẹ mọ̀?"

"Sọ fún un, kí n lé ẹ kúrò nílé yìí. Ìwọ nìkan o. Bàbá ẹ á dúró."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ti ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n gba irọ́ wa gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́. Odidi àdúgbò ló parọ́ kí wọ́n lè bò wá láṣìírí, wọ́n sì tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bàbá mi nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé orí sókè.

"Ṣé ó ṣì wà lókè?" ló bèèrè.

"Ó ti ń lọ, Bàbá. Ó ń padà síbi tó ti wá."

"Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"Kì í ṣe lójú ayé wa. Ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí oníbàárà oníyọnu kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láì yà.

"Kó máa lọ," ló wí.