Ilé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lé Ìbíkúnlé Kúrò

Gbogbo àdúgbò Dilimi ní Jos ló mọ ohùn Ìbíkúnlé. Bó bá ń bá oníbàárà jà nídìí ẹ̀rọ ìlọta tó ń tún ṣe, páànù ilé a máa gbọ̀n títí dé Láráńtò, ewúrẹ́ a sì dákẹ́ jẹ́jẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Inú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ nígbà táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń wọ́ wá sí Jos ló ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì fẹ́ kú sí. Kò tún bẹ Ọlọ́run ní ohun mìíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún ìjà ẹ̀sìn, onígbàgbọ́ bíi tirẹ̀ ti ń kó kúrò ládùúgbò náà díẹ̀díẹ̀, bí mùsùlùmí náà ṣe ń kó kúrò níbòmíràn nílùú. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn mọ́. Wọ́n kàn ń lọ. Veronica, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Bẹ́róòmù, ti lọ kí ọmọ wọn obìnrin ní Búkúrù láti èṣí, kíkí náà ò tíì parí.

Tíṣà Ọlágòkè, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìntì, bá a ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Òfin ayé ló ń ṣiṣẹ́ lára yín. Ju òkúta sókè, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí. Dẹ́rù ba ọmọ aráyé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbàdúrà bíi tiẹ̀ ló máa sá lọ. Kì í ṣe Jos nìkan, gbogbo ayé ni."

"Tíṣà, òkúta ò lórí. Èmi lórí."

"Orí ọ̀hún náà lo máa gbé dání lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á bí agbọ́n. Nítorí náà, nígbà tí Yàkúbù, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe dílálì, alágbàtà ilé, wá sọ pé mùsùlùmí kan ní Búkúrù fẹ́ bá a ṣe pàṣípààrọ̀ ilé, Ìbíkúnlé wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Kò lọ láti gbà, ó lọ bú ọkùnrin náà ni. Hausa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ èébú náà, ó sì ti ń le, kí ìyàwó ọkùnrin náà tó ké ní Yorùbá láti inú ilé pé, "Bàbá Latifah, ta lẹ̀ ń bá jà?"

"Haba!" ni Ìbíkúnlé wí. "Ṣé Yorùbá ni yín ni?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Taofeeq ni orúkọ ẹni náà, fìlà ló ń rán, òun nìkan sì ni mùsùlùmí tó kù lójú pópó náà. Ìbíkúnlé sọ ọ̀rọ̀ òkúta tíṣà fún un, wọ́n sì bọwọ́.

"Bí o ò bá kó, mi ò ní kó," ni Ìbíkúnlé wí.

"Kí tíṣà yín lọ wá òkúta mìíràn."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ara wọn. "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" "Mo wà níbẹ̀, wallahi." Ìgboyà ọ̀kan lèkejì ń jẹ.

Ìgbà tó yá, fóònù Taofeeq ò lọ mọ́. Ìbíkúnlé pe Rùkáyyàh, ìyàwó Taofeeq.

"Ẹ ò gbọ́ ni, bàbá? Wọ́n ti lọ sílé." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé e.

Bí Yorùbá Jos bá ní òun ń lọ sílé, ó lè jẹ́ pé ìsìnkú tàbí ìkómọ ló ń lọ ṣe nílùú bàbá rẹ̀, kó sì padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó ta ilé, tí wọ́n kó, tí wọn ò padà mọ́, ń lò. Èyí tó ti ń bà á lẹ́rù ni etí Ìbíkúnlé mú, kò sì pè padà.

"Ó lọ láìdágbére," ló sọ fún Yàkúbù. "Bá mi wá ilé."

Yàkúbù bú sẹ́kún. "Kúnlé, ta ló sọ̀rọ̀ sí ẹ? Ariwo ta la ó máa gbọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ṣáà wá ilé."

Ilé tí Yàkúbù rí wà lójú pópó Taofeeq gan-an ní Búkúrù. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akórí-kúrà kó ẹrù Ìbíkúnlé wọ ibẹ̀, Taofeeq ló dúró lẹ́nu géètì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ọ̀nà jíjìn.

"O kó?"

"Wọ́n ní o lọ sílé."

"Ìyá mi ló kú, mo lọ sin wọ́n. Fóònù bọ́ sómi níbẹ̀."

Ìbíkúnlé fọwọ́ bojú. "Ó dáa, a ti di aládùúgbò nìyẹn. Jókòó tì mí."

"Tì ẹ́? Ìwọ pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ, o kó. Èmi tí mi ò lóhùn ńkọ́? Ní báyìí, tá a bá ka àwọn tó dúró níbi tí wọn ò ti jọ ará ibẹ̀, èmi nìkan ló kù."

Kí òjò tó dáwọ́ dúró lọ́dún náà, Taofeeq gba ilé ní Dilimi. Lọ́jọ́ tó ń kó, Ìbíkúnlé bá a gbé fìríìjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ fún un pé, "Kò sẹ́ni tó lé ẹ, o lómìnira láti dúró." Òótọ́ ni. Òótọ́ ni fún òun náà lọ́jọ́ tòun. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ṣí ẹnu, kì í ṣe èyí tó ń mi páànù.

"Yí i sápá òsì díẹ̀," ló rí sọ, "kó má baà ha ẹnu ọ̀nà."