Ojú Ìwé Àkọ́bí

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a sin bàbá wa. Èmi tí mò ń ṣe tíṣà ní Kamazou ni wọ́n di ẹrù ìwé ìsìnkú rù. Ọmọ mẹ́fà ni wá, kálukú sì ti fi ọ̀rọ̀ ìdágbére tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fi orúkọ oníkálukú pe fáìlì rẹ̀. Ó wá ku kí n so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di ìwé kan.

Ti bọ̀dá mi àgbà, àkọ́bí wa, ló ń bà mí lẹ́rù. Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá àti bọ̀dá mi fi bínú síra wọn. Èkó ni wọ́n jókòó sí, wọn ò wá wo Bàbá lórí àìsàn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá wa bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà láti wá sin òkú. A mọ̀ pé ohun kékeré lè dá wọn padà sí Èkó, ìyá wa ò sì ní lè gbórí sókè mọ́ láéláé.

Mo yan fáìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní kí kọ̀ǹpútà kó wọn jọ. Ó kó wọn jọ lóòótọ́. Èmi tí mo máa ń na ọmọ ilé-ìwé pé kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, n ò yẹ tèmi wò. Ìgbà tí mo lọ gba páálí ìwé lọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Sabon Tasha ni mo ṣí ọ̀kan. Àbígbẹ̀yìn wa ló ṣáájú, bọ̀dá mi ló kẹ́yìn pátápátá. Ábídí ni ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé. Kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò.

"Haba, àǹtí!" ni atẹ̀wé wí. "Bẹ́ ẹ ṣe gbé e wá ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́."

Mo gbé e délé. Mo fẹ́ gbé páálí náà pamọ́, àmọ́ bọ̀dá mi ti wà ní pálọ̀, àpò wọn ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn bíi ti àlejò tí kò ní í pẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ìwé kan. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá mi. Àṣìṣe mi ni. A ó tún un tẹ̀."

Wọ́n ń ṣí i lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kan ojú ìwé tiwọn. Wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ Bàbá nígbà tí wọ́n ń lọ?"

"Àbígbẹ̀yìn wa ni, sà."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n wọ yàrá Bàbá lọ.