Áńpù Onígílóòbù Tí Mo Fi Etí Ara Mi Yàn

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì iṣẹ́ bàbá mi lọ, iṣẹ́ mi láàárọ̀ Sátidé ni kí n gbá ṣọ́ọ̀bù wọn ní Igbó-Elérin. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àwọn rédíò àtijọ́ tó jẹ́ pé ẹ lè tàn án kí ẹ lọ bu omi mu, kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwọn gílóòbù kéékèèké inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná. Bí mo bá gbálẹ̀ tí eruku kò kan wọ́n, àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ ni tèmi. Bí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, ìgbátí ni.

Bàbá mi náà ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajangbadi, níbi tí gbogbo wa ti ń wọ aṣọ funfun, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé. Nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, èmi ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n gbé gìtá náà lé lọ́wọ́. Inú àwọn àgbà ìjọ kò dùn sí i. Bàbá Alága, olórí wọn, ní àwọn gbà títí di ọjọ́ Ìkórè nìkan. Bí ohùn gìtá mi kò bá dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, kí n padà sáàárín àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lọ́jọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Áńpù tó ń gbé ohùn gìtá náà sókè ti bàjẹ́, ni ìjọ bá rán wa lọ ra òmíràn ní Alaba. Ọkùnrin Ìgbò tó ń tajà gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ tuntun, ó ga tó mi, iná ń tàn yípo ojú rẹ̀. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, onígílóòbù, awọ ara rẹ̀ ti ya, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá mi ní kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí n má bàa fi ojú yàn. Wọ́n ta okùn gìtá jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ta á kíkankíkan. Tuntun yẹn kàn ń pariwo ni, ó sì ń gún mi létí. Tòkunbọ̀ mọ́ gaara nígbà tí wọ́n ta á jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ta á kíkan, ohùn náà nípọn, ó há díẹ̀, bí ohùn ìyá mi bí wọ́n bá ń pè mí wálé láti òpin àdúgbò. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Ọlọ́jà ní ó kéré fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní ọmọ àwọn ló máa lò ó.

Lọ́jọ́ Ìkórè, àwọn àgbà wo áńpù náà, wọ́n ń mi orí. Ní ìjọ wa, bí àdúrà ìdákẹ́jẹ́ bá ti tó, gbogbo ohun tó ń dún ni wọ́n ń pa, títí kan fáànù. Bàbá tó ń ṣọ́ iná gbọ́ bí áńpù mi ṣe ń kùn, ni wọ́n bá pa á. Àdúrà parí, wọ́n tàn án padà, wọ́n dá orin. Mo ta gìtá, kò dún rárá. Èmi mọ̀ pé àwọn gílóòbù ti tutù. Bàbá Alága kò mọ̀. Wọ́n dìde wá bá mi níwájú gbogbo ìjọ.

“Gbé e sílẹ̀, kí o lọ jókòó. Ó ti bàjẹ́.”

Mo bojú wẹ̀yìn wo bàbá mi. Wọn kò ṣẹ́jú sí mi.

“Ẹ má bínú sà, mi ò ní jókòó. Ó ń gbóná lọ́wọ́ ni.”

Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Mo dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù yẹn, mo ń ta gìtá mi lọ láìsí ohùn. Ẹsẹ orin kìíní parí. Ní ìkejì, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a ó fi dé ègbè, ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wà ní títì ń yọjú wọlé. Bàbá Alága padà sórí àga wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gba gìtá lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n nàwọ́ sókè, nítorí mo já àgbà ní koro. Mo kúnlẹ̀, mi ò sunkún. Nígbà oúnjẹ, ẹran méjì ni mo bá nínú àwo mi.

Lónìí, fóònù làwọn ọmọ ń tẹ̀ tí ohùn áńpù tó bá wù wọ́n fi ń jáde lójú ẹsẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wà báyìí ní Okokomaiko, níbi tí mo ti ṣì ń lo áńpù onígílóòbù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ohùn máa ń sọ pé, “Aunty, ẹ jẹ́ ká fi old school yìí sílẹ̀ now.” Mi ò fi sílẹ̀, mi ò sì ní fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin mi ló ta gìtá. Orin bẹ̀rẹ̀, áńpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò tíì dún, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kó kúrò níbẹ̀. Ọmọ mi wò ó lójú, ó ní òun ò lọ síbì kankan, ó ń gbóná lọ́wọ́.

Nígbà tí a délé, mi ò ní kó kúnlẹ̀. Ẹran méjì náà ni mo fún un.