Fíríísà Inú Yàrá Ọ̀gá

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe jẹun ní Adó-Èkìtì. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé irọ́ inú ọ́fíìsì pọ̀ ju àìsàn ara ẹ̀rọ lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbi tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wá tẹ̀ka láti fi hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Súwíìsì wọn, àpótí kékeré tó so gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀, ń kú, ó ń jí. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ wáyà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Akọ̀wé kan ń bú àwọn tó ń pín iná. Èkejì ní àfi ká gbàdúrà, ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Mo pòṣé.

Bàbá olùkọ́ kan láti Ìjàn-Èkìtì ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa parí ètò náà. Ẹni tí ẹ̀rọ kò bá gba ìka rẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ òkú, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á sì dúró. Bàbá á tẹ̀ka, súwíìsì á kú, kọ̀ǹpútà á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Mo wà láyè o, ọmọ mi," ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà. "Usẹ́ ìjọba ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tọ wáyà iná súwíìsì náà lọ, ó di inú yàrá ọ̀gá ọ́fíìsì, torí ibẹ̀ nìkan ni iná jẹnẹrétọ̀ ń dé. Orí ẹ̀kísíténṣọ̀n kan náà ni màdáámù, ọ̀gá wọn, ki fíríísà gàgàrà sí, ó ń ta sóbò àti ẹja dídì. Bí fíríísà bá ti kùn báyìí, iná á rọ, súwíìsì á kú. Mo dúró títí ó fi kùn, mo sì gbọ́ igbe bàbá láti yàrá kejì.

Mo wẹ̀yìn wo àwọn akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wo ọ̀kánkán fíríísà náà. Wọ́n mọ̀! Lọ́sọ̀ọ̀sán ni màdáámù ń fún wọn ní sóbò tútù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu tó bá sì ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Wọ́n jẹ́ kí n máa fa wáyà kiri bí òmùgọ̀. Inú bí mi gan-an.

"Ẹnjiníà, ẹ má fọwọ́ kan fíríísà mi o," ni màdáámù wí. "Ẹja mi á bàjẹ́."

"Ẹja yín ti kú, mà. Bàbá yẹn ni ò tíì kú."

Mo fa wáyà fíríísà náà yọ. Súwíìsì dúró, bàbá tẹ̀ka, kọ̀ǹpútà gbà pé ó wà láàyè. Omijé bọ́ lójú bàbá. Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́, àfi bíi pé àwọn ni wọ́n ṣe é.

Màdáámù, tí ojú kì í tì, gbé sóbò tútù jáde. "Bàbá, ẹ kú ìdúró o." Bàbá mu ún, ó sì ki àdúrà mọ́lẹ̀ fún un: Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ lórí àga náà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó rántí èmi.

Mo ṣì ń kó irinṣẹ́ mi sápò nígbà tí mo gbọ́ tí fíríísà tún kùn. Ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìró.