Ẹ̀rọ Tí Mo Tàn Láìsí Iṣẹ́

Ní àdúgbò Bajulaiye ní Ṣómólú, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹnikẹ́ni bá yarí, èmi ni wọ́n ń wá pè. Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí mo fi sá nílé ẹ̀kọ́, mi ò sì fi pamọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ló kọ́lé. Àmọ́ lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, ara mi ò lélẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, bíi tàwọn tó ń kọjá lọ sí ọsibítù Igbóbì láràárọ̀. Wọ́n ní tí kò bá ti yege nínú ìṣirò, kò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó máa gbà á. Ìṣirò gan-an ló sì ń bá a jà.

Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, ọmọ télọ̀ kan ní àdúgbò Fọlá Àgórò, mọ ìṣirò bí ẹní mumi. Òun, ọmọ mi àtàwọn ọmọ kíláàsì wọn mìíràn máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n á máa ṣe ìṣirò sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ á máa pariwo, àwọn náà á máa pariwo.

Mo wá rò ó pé ariwo mi ló ń dí ọmọ mi lọ́wọ́. Mo pa ẹ̀rọ, iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀.

"Ó yá, ẹ kàwé! Bàbá wo ló lè ṣe báyìí ní gbogbo Ṣómólú?"

Mo jókòó, mo dìde, mo nu ibi tí kò dọ̀tí. Ọmọ mi ò lanu.

"Ṣó yé ẹ?" ni ọmọ télọ̀ ń bi í.

"Ó yé mi." Bírò rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan.

Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn. Ni ọmọ télọ̀ bá tẹ̀ lé mi jáde.

"Dádì, ẹ má bínú. Ẹ bá wa tan ẹ̀rọ yín."

"Ariwo lẹ̀ ń wá?"

"Tí ẹ̀rọ bá ń ké, ọmọ yín máa ń béèrè ohun tí kò yé e. Ẹ̀yin ò ní gbọ́. Ẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ló ń kọ́ wa."

Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní fi ọmọ rẹ̀ yangàn?

Lọ́jọ́ kẹta, mo ti parí iṣẹ́ oníṣẹ́ láàárọ̀, kò síṣẹ́ nílẹ̀ mọ́. Mo tan ẹ̀rọ, mo ń ki bébà tó ti bàjẹ́ sí i lẹ́nu. Aládùúgbò mi kan yọjú.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ta lẹ̀ ń tẹ̀ tí bébà ń jáde lófìfo?"

"Iṣẹ́ ńlá ni. Kò kàn ẹ́."

Mo kẹ̀yìn sáwọn ọmọ náà. Ọrùn ń yún mi bíi kí n yíjú. Àárín ariwo yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ mi:

"Dúró ná! Ibo ni mẹ́ta yẹn ti wá? Tún un ṣe!"

Mo ki bébà mìíràn bọ̀ ọ́.