Irin Kékeré Inú Mọ́tò Bàbá Mi

Mọ́tò Jàpáànù tí bàbá mi rà ní tuntun ti kú sẹ́yìn ilé wa ní Ìwó kí àwọn fúnra wọn tó kú. Títí wọ́n fi lọ, ara wọn ni wọ́n ń dá lẹ́bi, pé àwọn ni wọ́n wà á ní ìwàkuwà.

Mo fẹ́ tún un ṣe, ni mo bá ń ka ohun tí àwọn ará Jàpáànù kọ nípa rẹ̀, fóònù ń bá mi túmọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ ṣì ń wa irú rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ tẹ́mósítáàtì, irin kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá móoru, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ara rẹ̀.

Mo lọ bá mẹkáníìkì bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo kà á fún wọn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Èmi ni mo yọ ọ́, lọ́jọ́ tí bàbá ẹ kọ́kọ́ gbé e wá. Ṣé òtútù Jàpáànù ń mú ní Ìwó ni?”

Inú bí mi. Mo yíjú sí mọ́tò tèmi tí mo gbé wá.

“Mo ti bá ẹ yọ tìẹ náà nígbà tí o wá pààrọ̀ ọ́ìlì,” ni wọ́n wí. “O ò tiẹ̀ dúpẹ́.”